Lesley May nínú Rivers of London: ṣé kí n máa kà á lọ lẹ́yìn ìwé kẹrin?

Àkànkẹ́ Tákíè (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tí kò bá tíì ka Broken Homes, ìwé kẹrin, parí, kó yáa fojú fo ọ̀rọ̀ mi yìí, torí gbogbo rẹ̀ ni màá tú síta.

Ìwé Rivers of London tí Ben Aaronovitch ń kọ ni mò ń sọ. Fún ẹ̀yin tí kò tíì kàn: Peter Grant, ọlọ́pàá ọ̀dọ́, ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ti pa èèyàn ní Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí kan, àṣé ẹlẹ́rìí náà ti kú tipẹ́. Bó ṣe di ọmọ iṣẹ́ Nightingale nìyẹn, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń pidán, tí wọ́n bí ní 1900 tó sì dà bí ẹni tí kò tíì dàgbà jù.

Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn inú ìwé yìí débi pé mo máa ń bá wọn jiyàn tí mo bá ń fọ abọ́. Peter kì í kọjá lára ilé kan kó má sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ àti ohun tí wọ́n fi bà á jẹ́. Molly tó ń tọ́jú ilé wọn ní Russell Square kì í sọ̀rọ̀ rárá, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ báyìí, wàá mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn sí ọ. Kódà Toby, ajá kékeré yẹn: bí idán bá ti ṣẹlẹ̀ níbì kan, á máa gbó, ni Peter bá fi gbígbó ajá ṣe òṣùwọ̀n idán! Ta ni kò ní fẹ́ràn ẹni tó ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n Lesley ni mo fẹ́ràn jù. Òun àti Peter ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì mọṣẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Ojú rẹ̀ bàjẹ́ ní ìparí ìwé kìíní, ó ń fi ìbòjú rìn, síbẹ̀ kò káwọ́ gbera, ó kọ́ idán, ó tún ń bá Peter wí tí Peter bá ń ṣe wérewère. Ìwé kẹrin wá parí. Ilé gogoro Skygarden ti wó, Peter ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú Faceless Man, oṣó burúkú tó ń fi ojú rẹ̀ pamọ́, tán, ni Lesley bá fi ìbọn iná mànàmáná gbá a lẹ́yìn, ó sì bá ọ̀tá lọ.

Mo sunkún. Mi ò lè ṣí ìwé mìíràn látìgbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó yẹ kí n máa kà á lọ? Ẹ má sọ ibi tí Lesley bá a já fún mi o, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òǹkọ̀wé mọ ohun tó ń ṣe. Ìkejì, àbúrò màmá mi ló kó mẹ́rin àkọ́kọ́ wá láti òkè òkun, ibo ni mo ti lè rí ìyókù ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí? Màmá mi náà sì ní ìwé oṣó ni mò ń kà. Ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Máa kà á lọ, àbúrò. Ìwé karùn-ún, Foxglove Summer, kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù rárá. Ìgbèríko ni Peter lọ, Herefordshire, níbi tí ọmọbìnrin méjì ti sọnù. Ara Peter kò tíì yá nínú ìwé náà, bíi tìẹ gẹ́lẹ́, Beverley, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà odò Lọ́ńdọ̀nù inú ìwé, sì wá bá a níbẹ̀. Òǹkọ̀wé mọ̀ pé ó dùn yín, ó fún yín láyè kí ẹ sinmi.

Bàbá Ìwé (Ọ̀yọ́)

Ọmọ mi, o kú ìwé kíkà.

Nígbà tí Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn fẹ́ tẹ̀lé Àkàrà-Ògùn lọ Òkè Lángbòdó nínú Ògbójú Ọdẹ, ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé lọ́wọ́ dì mọ́ ọn pé kò níí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á mọ ohun tó ṣe fún obìnrin náà. Ó pa á, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti 1938 tí ìwé náà ti jáde, inú ń bí wa sí Kàkó, a ò sì pa ìwé dé nítorí ẹ̀. Tí ogun bá dé lójú ọ̀nà, Kàkó náà la máa ń wá. Akọni tí kò lè dùn wá, kí la fẹ́ fi í ṣe? Nítorí náà, gbé ìwé rẹ, kà á.

Èyí tó ń ká mi lára ni pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ Covent Garden ju Igbó Irúnmalẹ̀ lọ. Ọ̀yọ́ níbí, ní Sent Andrúù, ni Fágúnwà ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Iwin, òrò, ẹ̀bọra, gbogbo rẹ̀ ló wà nílé. Ìyá Peter yẹn gan-an, ṣebí ọmọ Nàìjíríà ni? Tiwa náà ni wọ́n ń tà fún wa.

Ará Tẹmsì (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀kan ṣe: ọmọ Sàró ni ìyá Peter, Sierra Leone. Bàbá rẹ̀ ni òyìnbó, tó ń fọn kàkàkí jáàsì kí oògùn olóró tó ba ayé rẹ̀ jẹ́. Mama Thames, ìyá àwọn òrìṣà odò inú ìwé, ni ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n Sàró náà kò jìnnà sí wa, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ lẹ mọ̀ ọ́n jù: ọmọ Òṣogùn ni Àjàyí Crowther, ìlú Sàró sì ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ní 1822 lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ìdí nìyẹn tí ìyá Peter fi dà bí ìyá tí gbogbo wa mọ̀ lójú tèmi. Ó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, ó ń se ọbẹ̀ tó ta, ó sì ń rán ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ láìbèèrè bóyá àyè wà.

Àkànkẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mo ti pẹ́ níbí. Àwọn odò inú ìwé yẹn ló mú mi. Òótọ́ ni gbogbo wọn, wọ́n wà nílẹ̀. Odò Beverley Brook ń gba inú Richmond Park kọjá, ó ń lọ já sí Thames lẹ́bàá Barnes. Odò tóóró ni, ajá ń wẹ̀ nínú rẹ̀, igbó kékeré bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dúró létí rẹ̀, inú mi dùn bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́, torí bí Beverley ṣe rí nínú ìwé gan-an nìyẹn, kò ní ariwo Thames, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ òun sẹ́yìn. Fleet àti Tyburn àti Effra, abẹ́ títì ni wọ́n wà báyìí. Wọ́n ti bò wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n sọ wọ́n di ọ̀nà omi ẹ̀gbin. Tyburn lorúkọ ibi tí wọ́n ti ń so ọ̀daràn rọ̀ láyé àtijọ́. Ẹ wá wo Lady Ty, òrìṣà odò Tyburn nínú ìwé, bó ṣe le, bó ṣe ń rìn láàárín àwọn aláṣẹ. Aaronovitch kò kàn fún àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn lórúkọ lásán, ìtàn odò kọ̀ọ̀kan ló fi ṣe ìwà wọn.

Ẹ wo Father Thames, òrìṣà tó kọ́kọ́ ni odò Thames nínú ìwé. Ní 1858, òórùn odò Thames burú débi pé aṣọ tí wọ́n rẹ sínú oògùn ni wọ́n fi kọ́ ojú fèrèsé ilé aṣòfin kí wọ́n lè jókòó níbẹ̀. Òótọ́ ìtàn nìyẹn. Nínú ìwé, ìgbà náà ni Father Thames kẹ̀yìn sí Lọ́ńdọ̀nù, tó gòkè odò lọ. Àyè ṣí sílẹ̀ títí ọmọbìnrin kan fi ti Nàìjíríà wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ayé sú u, tó bẹ́ sódò láti orí London Bridge. Odò gbà á, ó sì fi í joyè Mama Thames. Láti Teddington wá sísàlẹ̀, ibi tí omi òkun ń dé, tirẹ̀ ni. Òkè ibẹ̀ ni ti bàbá.

Ní ti Lesley, ohun tí mo lè sọ láìba ìwé jẹ́ ni pé kí o padà lọ ka ìwé kẹrin láti ìbẹ̀rẹ̀. Máa ṣọ́ ohun tó ń bèèrè, àti ẹni tó ń bi. Ó ti ń sọ fún wa látẹ̀yìnwá.

Fóònù Sábó (Ògbómọ̀ṣọ́)

Èmi ò fara mọ́ Ará Tẹmsì lórí Lesley. Kò sí ohun tó ń sọ látẹ̀yìnwá. Ọ̀rẹ́ ni, ó dalẹ̀ ọ̀rẹ́, ó tán. Ojú tó bàjẹ́ dùn mí, ṣùgbọ́n Peter ló jókòó tì í nílé ìwòsàn.

Peter ni tèmi, ẹ má bínú. Fóònù ni mò ń tún ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀yin tó kù fojú fò. Bí èèyàn bá pidán nínú ìwé yìí, ẹ̀rọ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí iná wà nínú rẹ̀ á kú. Tí ẹ bá ṣí i, àwọn áísì inú rẹ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń ronú fún un, ti di iyanrìn. Oṣó mìíràn á ní kádàrá ni. Kí ni Peter ṣe? Ó fi suìṣì sí ara fóònù rẹ̀ tí yóò máa já bátìrì kúrò, kó lè pa á kó tó pidán. Ó tún kó fóònù tó ti bàjẹ́ jọ, ó ń wọn bí wọ́n ṣe jìnnà sí idán àti bí wọ́n ṣe bàjẹ́ tó. Èmi tí mò ń fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná tú áísì fóònù lójoojúmọ́, mo mọ irú ẹni tó ń ronú bẹ́ẹ̀. Wọn kò pọ̀. Bí ọ̀dọ́ bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti kọ́ṣẹ́, ohun tí mo máa ń wò nìyẹn: ṣé á bèèrè ìdí tí fóònù fi kú, àbí á kàn sáré wá òmíràn?

Ní ti ìwé, wá Telegram. PDF wọn kún ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì Owódé (Ọ̀yọ́)

Fóònù Sábó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ́ ọmọ yẹn sọ́nà bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí ṣì wà láyé, ó ṣì ń kọ ọ́. Stone and Sky jáde ní 2025. Bí a bá fẹ́ràn Peter, kí ẹni tó bí Peter jẹun. PDF wọ̀nyẹn náà kì í pé, mo ti rí èyí tí orí méjì kò sí nínú rẹ̀.

Àkànkẹ́, gba áàpù Kindle sórí fóònù rẹ. Wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó sanwó, nítorí náà kọ́kọ́ gba ìbẹ̀rẹ̀ Foxglove Summer, kí o fi wò bóyá ọkàn rẹ ti gbà á. Káàdì báńkì mìíràn kì í gbà lórí rẹ̀, ẹni tó wà lókè òkun lè bá ọ rà á. Bí ẹ bá sì lè gbọ́ èyí tí wọ́n kà sínú ẹ̀rọ, ẹ má fi du ara yín. Kobna Holdbrook-Smith ló kà á, ohùn Peter yàtọ̀, ti Nightingale yàtọ̀, Mama Thames sì ń sọ̀rọ̀ bí ìyá ọlọ́jà tó mọ iye tó wà nínú àpò rẹ. Mo máa ń fi í sétí tí mo bá ń lọ ata.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tí Peter kọ́kọ́ lọ sílé Mama Thames ní Wapping. Nightingale ti kìlọ̀ fún un: má jẹ, má mu. Wọ́n gbé tíì àti bisikíìtì wá síwájú rẹ̀. Ó ń wò wọ́n. Tó bá jẹ ẹ́, ó ti jẹ gbèsè odò nìyẹn, wọ́n lè rán an níṣẹ́ títí ayé. Òyìnbó tó bá kà á lè pè é ní àrà. Èmi ò pè é ní àrà, torí ìyá tó bí mi kò jẹ́ kí a gba ẹ̀kọ lásán lọ́wọ́ ẹni tí òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Peter wá sọ ọ́ dà nínú àwọn ìwé ẹ̀yìn ló wú mi lórí: kó tó fọwọ́ kan nǹkan, á bèèrè ní gbangba pé ṣé kò sí gbèsè nínú rẹ̀, onílé náà á sì dáhùn. Ó bọ̀wọ̀ fún wọn, kò sì tìtorí ọ̀wọ̀ di ẹrú.

Fóònù Sábó (Ògbómọ̀ṣọ́)

Mo gbọ́, Ìyá Ìbejì. Èyí tí ẹ sọ lórí orí tó ń sọnù nínú PDF, òótọ́ ni. Mo dúró lórí ti Lesley ṣá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sẹ́mínárì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú àárọ̀. Ọ̀rọ̀ màmá ni mo fẹ́ dá sí, torí ẹ̀yin tó kù ti fò ó.

Ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mò ń kọ́, mo sì ti ka mẹ́fà nínú ìwé wọ̀nyí. Má bá màmá rẹ jiyàn pé kò sí oṣó níbẹ̀, torí ó wà. Ṣàlàyé irú ayé tí ìwé náà dá fún wọn. Nínú rẹ̀, Isaac Newton ló to òfin idán jọ. Lux ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Peter kọ́, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì fi í mú jáde. Ó ń fi oṣooṣù dánra wò bí ọmọ tó ń kọ́ dùùrù. Tó bá ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ, ọpọlọ rẹ̀ lè bàjẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí òǹkàwé bọ nǹkan kan. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni Peter ń ṣe: wọ́n pa èèyàn, ó ń wá ẹni tó pa á, kò sì sí ìgbà tó gbàgbé orúkọ ẹni tó kú.

Síbẹ̀, bí màmá bá ṣì ní rárá, má kà á lójú rẹ̀. Ilé rẹ̀ ni.

Ọmọ Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Mi ò gbà, Akẹ́kọ̀ọ́. Kí ló dé tí yóò fi pa á mọ́? Màmá mi náà sọ irú rẹ̀ nígbà kan. Mo jókòó tì í, mo ń túmọ̀ Moon Over Soho fún un lálẹ́ lálẹ́, èyí tí àwọn olórin jáàsì ń kú nínú rẹ̀. Nígbà tí a fi dé ọ̀rọ̀ bàbá Peter àti ìyá rẹ̀, tí ìyá kò fi ọkọ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo oògùn olóró yẹn, màmá mi ló ń sọ pé kí n má tíì dáwọ́ dúró. Ka ibi tí ìyá Peter wà fún màmá rẹ, Àkànkẹ́.

Bàbá Ìwé (Ọ̀yọ́)

Ará Tẹmsì, mo dúpẹ́ fún àtúnṣe. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ Mama Thames yìí láti àná.

Ọya di odò. Ọ̀ṣun di odò. Ọbà tó jẹ́ aya Ṣàngó bí i tiwọn, ìbànújẹ́ ló sọ ọ́ di odò, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń mu nínú omi Ọbà dòní. Àwọn àgbà ní ibi tí Ọbà ti pàdé Ọ̀ṣun, omi ibẹ̀ kì í rọ̀. Obìnrin tí ayé sú tó wá di alágbára inú omi, ìtàn wa ni. Bóyá òyìnbó yìí mọ̀ tàbí kò mọ̀, ó kọ ọ́ re. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé Thames ni ọmọbìnrin náà ń ṣọ́, nígbà tí odò tiwa kún fún ọ̀rá pọ́ńbélé.

Ará Tẹmsì (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ ṣé é, Bàbá. Èmi kò rí i bí ẹni pé wọ́n jí i gbé lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì wa kún ilé ìwòsàn níbí láti ayé ìyá mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ìwé tí ọ̀kan nínú wọn ti jẹ́ aláṣẹ ìlú yìí, tí olúkúlùkù ń dìde fún, orí mi wú. Fágúnwà fún wa ní igbó, mo sì ń kà á títí dòní. Inú ìlú ńlá ni mò ń gbé, láàárín títì àti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ìwé yìí ló fi iwin síbẹ̀ fún mi.

Àkànkẹ́ Tákíè (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo gba ìbẹ̀rẹ̀ Foxglove Summer bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, ó sì ti parí mọ́ mi lọ́wọ́, mo fẹ́ ìyókù. Fóònù Sábó, mo ń bínú sí Lesley pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n mo padà ka ìwé kẹrin bí Ará Tẹmsì ṣe ní kí n ṣe, mo sì rí ibi tó ti ń bi Nightingale léèrè nípa ohun tí idán lè tún ṣe àti èyí tí kò lè tún ṣe. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn tó ojú tó ń pọ́n ọn. Màmá mi ní kí n ka ti ìyá Peter fún òun lọ́jọ́ Sátidé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: àwọn ìwé kéékèèké tó wà láàárín àwọn ìwé ńlá Peter ńkọ́, ibo ni kí n fi wọ́n sí?

Ọmọ Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Ìgbà tí wọ́n jáde ni kí o tẹ̀ lé. Ó tán.

Ìyá Ìbejì Owódé (Ọ̀yọ́)

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. The Furthest Station jáde ní 2017, ṣùgbọ́n kó tó di The Hanging Tree, ìwé kẹfà, ni ìtàn inú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, nítorí náà lẹ́yìn Foxglove Summer ni kí o kà á. What Abigail Did That Summer náà jáde ní 2021, àmọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan náà tí Peter wà ní ìgbèríko ni Abigail ń bá àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ ní Hampstead Heath. Kà á tẹ̀ lé ìwé karùn-ún kíákíá, ọmọ yẹn máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ìlú Trier ní Jámánì ni The October Man ti ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá mìíràn ló ni í, ìgbàkígbà lo lè kà á. Má fọwọ́ kan Lies Sleeping, ìwé keje, kí o tó ka The Hanging Tree. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Lesley wà.

Ará Tẹmsì (Lọ́ńdọ̀nù)

Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Àkànkẹ́, àbúrò mi ń bọ̀ nílé ní Kérésìmesì, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń bọ̀ tààrà. Mo ní Foxglove Summer àti The Hanging Tree méjì-méjì. Kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, màá fi sínú ẹrù rẹ̀.

Fóònù Sábó (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ará Tẹmsì, bí àyè bá ṣẹ́kù nínú ẹrù náà, mò ń wá The Masquerades of Spring, èyí tí Nightingale ti wà ní New York nígbà èwe rẹ̀. Màá sanwó rẹ̀.